Àwọn Ọtí Àgbà Tí Imú Mi Fẹ́ràn

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí mi láàárọ̀ yìí, tó jẹ́ kí ojú mi ṣì ríran kọ̀wé, tó sì jẹ́ kí imú mi ṣì máa gbọ́ òórùn. Àwọn ẹlòmíràn máa ń dúpẹ́ fún ẹsẹ̀ tàbí fún ọwọ́. Ní tèmi, imú ni mo fi jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ mi títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà imú ni mo kọ́kọ́ máa ń dúpẹ́ fún. Ọlọ́run ló fún mi, òun náà ló pa á mọ́. Ìyìn ni fún orúkọ rẹ̀.

Senami ni orúkọ mi. Ìmẹ̀kẹ ni wọ́n bí mi sí, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló kọ́ mi ní ìwé, Ègùn la sì ń sọ nílé, nítorí náà bí Yorùbá mi bá yà bàrá níbì kan, ẹ fojú fò ó. Iṣẹ́ tí mo ṣe ni títọ́jú ọtí ní ilé àlejò kan létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì. Kì í ṣe gbogbo ọtí o. Wisikí àgbà láti Skọ́tíláǹdì ni, èyí tí wọ́n fi ọkà báálì nìkan ṣe, tó jáde láti ilé ìpọntí kan ṣoṣo láìlú u pọ̀ mọ́ ti ilé mìíràn, tí wọ́n sì fi pamọ́ sínú àgbá igi fún ọdún méjìlá, ọdún méjìdínlógún, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo mọ̀ wọ́n bí olùkọ́ ṣe ń mọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Mo ní àwọn tí mo fẹ́ràn ju àwọn yòókù lọ. N kò gbé ìkankan nínú wọn mì rí.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa tí wọ́n ń ronú iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe ló ní kí n kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bi mí ní gbangba pé, "Màmá, báwo ni ẹ ṣe wà nínú ilé ọtí láti ọ̀dọ́ dé ogbó, tí ẹ sì tún ń kọrin lọ́wọ́ iwájú ní ilé Ọlọ́run?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè gidi ni. Màmá mi ló kọ́kọ́ béèrè rẹ̀.

"Senami, ilé ọtí? Ìwọ ọmọ tí mo gbé lọ fún ìrìbọmi?"

Ó fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ olórí kíláàsì wa ní ìjọ. Àgbàlagbà obìnrin ni, a máa ń pè é ní Màmá Àgbà. Màmá Àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò pariwo.

Ó ní, "Ṣé mímu ni wọ́n ní kí o máa mu ún ni, àbí títọ́jú?"

"Títọ́jú ni, Mà."

"Ẹnu rẹ ńkọ́?"

"Mo ṣèlérí fún Ọlọ́run pé kò ní kọjá ètè mi, Mà."

"Ó dáa. Èmi náà yóò máa bá Ọlọ́run ṣọ́ ọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwàdà kọ́ ni o. Láti ọjọ́ náà títí ó fi lọ sinmi, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí ìsìn bá parí, Màmá Àgbà á dì mọ́ mi, á gbé imú súnmọ́ ẹnu mi, á ní, "A fọ́n gánjí, ọmọ mi?" bí a ṣe ń kíra wa láàárọ̀ ní èdè wa, á sì fa èémí sínú gidi. Lẹ́yìn náà ló máa ń tú mi sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò ní ìtàn kankan nínú. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé tí kì í mutí, alùfáà wa dárúkọ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Owó iṣẹ́ náà tó mi jẹ, ó sì tó mi yọ ìdámẹ́wàá.

Ẹni tó ni ilé àlejò náà la máa ń pè ní Kápẹ́nì. Ọmọ Àpá ni, ìlú kan nítòsí wa, ó ti wa ọkọ̀ òkun káàkiri ayé kó tó padà wálé wá kọ́lé sí etí ọ̀sà. Èbúté yòówù tó bá gúnlẹ̀ sí ní Skọ́tíláǹdì, á ra igo kan tàbí méjì, á dì í sínú aṣọ òtútù, á gbé e wálé. Nígbà tó di onílé àlejò, ó kó wọn sínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tó tutù jù lọ nínú ilé. Àwọn tó mọ̀ nípa irú ọtí bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Èkó, láti Àjàṣẹ́ àti láti Kútọnu lẹ́yìn ààlà.

Ọ̀gá mi nínú yàrá náà ni ọkùnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Mùsíè, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ní Àjàṣẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́, níbi tó ti ń tọ́jú wáìnì. Èèyàn gígùn, tín-ín-rín ni. Aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé, n kò tí ì kí i tán tó fi gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró síbẹ̀. Kí lo fi para?"

"Ìpara ni, sà. Àti páúdà díẹ̀."

"Padà sílé lọ wẹ̀."

Mo padà sí Ìmẹ̀kẹ. Lọ́jọ́ kejì, mo fi omi lásán wẹ̀, mo dé. Ó tún gbé ọwọ́ sókè.

"Kí lo jẹ?"

"Ẹ̀kọ àti ẹja yíyan, sà."

"Ẹja yẹn ti wọlé. Ìwọ ṣì wà níta. Lọ fọ ẹnu."

Mo sunkún dé ìdí kànga. Obìnrin tó ń se oúnjẹ ní ilé náà, Àńtí Viavo, ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Má sunkún, ìyàwó. Èmi, láti ọdún tí mo ti dé ibí, Mùsíè kò tí ì jẹ́ kí n fẹsẹ̀ kan yàrá náà. Ó ní àlùbọ́sà ti wọ egungun mi."

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kíkọ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀. N kò gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ gíláàsì, omi gbígbóná nìkan ni. N kò gbọ́dọ̀ sá aṣọ ìnugíláàsì sí ìta, nítorí pé èéfín ẹja àwọn obìnrin etí ọ̀sà á wọ̀ ọ́. N kò gbọ́dọ̀ sáré nínú yàrá. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, Mùsíè kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan igo kankan. Á mú mi jókòó lórí àpótí, á fi gèlè mi dì mí lójú, á sì máa gbé nǹkan síwájú imú mi: èèpo àgbọn gbígbẹ, okùn ọkọ̀ tó ti rẹ nínú omi iyọ̀, oyin, awọ bàtà, ọsàn tó fẹ́ rà, irin tó ti dípẹtà. Lọ́jọ́ kan ó gbé nǹkan kan wá, mo rẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ìwé orin ni, sà. Ìwé orin àtijọ́ tó ti pẹ́ nínú àpótí."

Mùsíè tú gèlè náà, ó lọ sí ibi àgbékà, ó yọ igo kan wá, ó da ẹ̀kán díẹ̀ sínú gíláàsì, ó ní kí n gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìwé orin náà ni! Ìwé orin, òdòdó gbígbẹ àti epo àbẹ́là. Ọtí ọlọ́dún méjìdínlógún ni. Mùsíè ní, "Láti òní lọ, èmi ni ẹnu, ìwọ ni imú." Òun ló ń tọ́ ọ wò, èmi ni mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀, a ó sì jọ sọ fún àlejò irú ọtí tó wà níwájú rẹ̀. Májẹ̀mú yìí ni mo bá a ṣe, kò sì fi ìgbà kankan rọ̀ mí pé kí n mu ún. Ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ni, ó mọ ohun tí ẹ̀jẹ́ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ igo kan wà tí n kò lè fò. Lórí àgbékà tó wà lókè pátápátá, igo kan dá wà, tí wọn kì í tà, tí wọn kì í fi han àlejò. Kápẹ́nì fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Ó ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Mautin. Ọdún tí wọ́n bí Mautin ni wọ́n pọn ọtí inú igo yẹn. Inú àgbá ló wà títí Mautin fi pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìgbà náà ni wọ́n rọ ọ́ sínú igo, Kápẹ́nì sì rí i rà ní ìrìn àjò rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ó fẹ́ kí òun àti ọmọ òun jọ ṣí i. Ṣùgbọ́n kó tó gúnlẹ̀, ìyá Mautin ti kú, wọ́n ti sin ín. Mautin kò sunkún níwájú bàbá rẹ̀. Ohun tó sọ fún un ni pé, "Ọkọ̀ òkun ni ẹ fẹ́ níyàwó, Bàbá, òun náà ni ẹ bí lọ́mọ. Ẹ padà sínú rẹ̀." Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Ìlọrin, ó di olùkọ́ níbẹ̀, kò sì fẹsẹ̀ kan Àgbádárìgì mọ́.

Kápẹ́nì ní, "Ọjọ́ tó bá wọlé yìí, a ó ṣí i. Iṣẹ́ tiyín ni pé kí igo náà ṣì wà nílé nígbà náà."

Ẹ rántí pé Àjàṣẹ́ ni Mùsíè ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn oníwáìnì. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni pé ẹ̀gbẹ́ ni igo ń sùn, kí ọtí lè máa rin kọ́ọ̀kì tí a fi dé e, kó má baà gbẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe sí wisikí Kápẹ́nì. Gbogbo wọn ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àgbékà bí àwọn ọmọ orí ẹní. Ó dára lójú. Ará ilẹ̀ wa ní ààlà níbí nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yẹn: ọtí Skọ́tíláǹdì, ìtọ́jú Faransé. Wáìnì kò lágbára, ó ń bá kọ́ọ̀kì gbé. Wisikí le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá pẹ́ lára kọ́ọ̀kì, á jẹ ẹ́. Tí ooru etí òkun wa bá tún kún un, á tètè jẹ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo ń bọ̀ láti ìloro, mo dúró lójijì. Òórùn ọtí ti pàdé mi lójú ọ̀nà. Oyin, èéfín, ọsàn, iyọ̀, gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra wọn, bí ìgbà tí gbogbo akọrin bá ń kọ orin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pe Mùsíè. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn, ilẹ̀ ti tutù. Kọ́ọ̀kì ti di ẹrẹ̀ lẹ́nu igo. Àwọn kan ti dà tán. Àwọn kan ṣì kù, ṣùgbọ́n Mùsíè tọ́ wọn wò, ó tutọ́, ó ní igi jíjẹrà ló kù lẹ́nu òun. Ó jókòó sórí ilẹ̀ tó tutù yẹn pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ dìde, sà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo tòkè."

Igo Mautin ṣì wà. Kọ́ọ̀kì rẹ̀ ti rọ̀ dé ìdajì, ó ti ń sun díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì di ẹnu mú. Mùsíè gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án dúró, ó sì gbé e bẹ́ẹ̀ lọ bá Kápẹ́nì ní gbọ̀ngàn. Mo tẹ̀ lé e. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Kápẹ́nì, mo ti ba ọtí yín jẹ́. Ẹ má bi ọmọ yìí. Èmi ni mo tẹ́ wọn sùn."

Kápẹ́nì kò wo ojú rẹ̀. Ó ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ti Mautin ni yẹn?"

"Òun ni, sà."

"Ó dúró?"

"Ó dúró, sà."

Kápẹ́nì fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ó dáa. Àwọn yòókù, a ó rà."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Mùsíè yọ kọ́ọ̀kì tó rọ̀ náà. Ó mú kọ́ọ̀kì tuntun tó wà nínú ẹrù rẹ̀ láti Àjàṣẹ́, ó sè é nínú omi, ó fi ọ̀bẹ gé e títí ó fi ṣe déédéé ẹnu igo. Ó wá yọ́ ẹsẹ̀ àbẹ́là tó gbà ní ìjọ rẹ̀, ó fi dí ẹnu igo náà yíká. Kó tó dí i, ó yí i sí imú mi. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. N kò rí orúkọ tí mo lè fún un. Mo sọ fún Mùsíè pé ó jọ ilé kan tí n kò mọ̀. Mo fi ìṣó fa ìlà tín-ín-rín sára igo náà ní ibi tí ọtí dé, kí n lè mọ̀ bó bá ń dín kù. Láti ìgbà náà, gbogbo igo inú yàrá wa ló ń dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tí mo fẹ́ràn, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi mí.

Èkíní ni ti erékùṣù, èyí tí wọ́n fi èéfín erùpẹ̀ irà gbígbẹ yan ọkà rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, èéfín náà ń pariwo. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó pé ọdún méjìdínlógún nínú igi, á rọlẹ̀, á di bí ìrọ̀lẹ́ létí ọ̀sà wa, nígbà tí iná abẹ́ ẹja ti kú tí eérú ṣì gbóná, tí atẹ́gùn iyọ̀ sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Àlejò tí kò bá ti Àgbádárìgì rí, òun ni mo máa ń gbé fún. Ó jìnnà sílé, síbẹ̀ ilé wa ló ń rùn.

Èkejì ni èyí tó gbé inú àgbá tí wọ́n ti fi wáìnì dídùn àwọn ará Sípéènì sí tẹ́lẹ̀. Ó pupa bí omi èèpo igi. Òórùn rẹ̀ ni èso dábínù gbígbẹ, èèpo ọsàn, àti nǹkan bí àgbálùmọ̀ tó ti rọ̀ jù. Ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rẹ̀ la máa ń gbé jáde nígbà Kérésìmesì. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, igi ti borí rẹ̀, n kò fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ orí ló ń ṣeni lóore, ọtí náà ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìwé orin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. N kò ní nǹkan kún un.

Èyí tó kẹ́yìn kò gbajúmọ̀. Ìlú kékeré kan létí òkun ni wọ́n ti ń pọn ọ́n. Ọdún mọ́kànlélógún. Òórùn rẹ̀ ni omi àgbọn, ewé tútù tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, àti epo tí a fi ń nu ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn àlejò kì í béèrè rẹ̀. Mo máa ń ṣí gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì mi nígbà tí mo bá ń nu àgbékà, kó kàn máa bá mi gbélé.

Mùsíè darúgbó, ó fẹ́ padà sí Àjàṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá. Mo ń retí ọ̀rọ̀ ńlá. Ó na ìka sí àgbékà òkè.

"Má jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀."

"N kò ní jẹ́, sà."

"Má sì para."

A rẹ́rìn-ín, mo sin ín dé ibi ọkọ̀. N kò rí i mọ́ láyé, ṣùgbọ́n mo nírètí pé a ó ríra.

Ìgbà yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ilé àwọn apẹja la ti ń ra yìnyín, mo sì máa ń fi omi tí a sè tó ti tutù fọ òórùn ẹja kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yìnyín dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ amúlétutù, tó ń dákẹ́ nígbàkigbà tí iná bá lọ. Fìtílà ni Mùsíè máa ń gbé sẹ́yìn igo láti wo inú rẹ̀, èmi fi iná fóònù wò ó. Àlejò ayé òde òní á kọ́kọ́ ya àwòrán igo, á wo fóònù rẹ̀, á wá sọ fún mi bí òórùn rẹ̀ ṣe rí kó tó gbé imú síbẹ̀. Mo máa ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ wá gbọ́ ọ báyìí." Díẹ̀ lára wọn máa ń ti fóònù sápò.

Ohun tí kò yí padà ni fífọ́ igo òfìfo. Òfin Mùsíè ni pé igo tó bá tán, kí a ha ìwé ara rẹ̀, kí a sì fọ́ ọ lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́jọ́ kan ọkùnrin kan wá láti Gbájì, ó wọ aṣọ dáadáa, ó gun alùpùpù tuntun.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ẹ máa ń da igo nù. Ẹ máa kó wọn fún mi. N ó máa fún yín ní nǹkan."

"Kí lo fẹ́ fi igo ṣe, ọmọ mi?"

"A kàn máa ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ ni, Mà."

"Ọ̀ṣọ́ tí ẹ máa rọ ògógóró àti ṣúgà jíjó sí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, àwọn tó ń mu ún kò mọ ìyàtọ̀."

"Èmi mọ̀ ọ́n. Dúró." Mo gbé òòlù jáde, mo sì fọ́ igo òfìfo tí mò ń nù lọ́wọ́ níwájú rẹ̀. Ó gun alùpùpù rẹ̀. Láti ibi ìdáná ni Àńtí Viavo ti pariwo tẹ̀ lé e pé, "Kó àwọn èyí lọ fi ṣe ọ̀ṣọ́ o!"

Gbogbo àkókò yìí, igo Mautin dúró. Láràárọ̀, tí mo bá ti gbàdúrà tán, mo máa ń gbé e wo ìlà tí mo fà sí i. Kápẹ́nì náà máa ń béèrè, nígbà mìíràn ní àárín ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. "Ó dúró?" "Ó dúró, sà." Ẹ̀rù tó ń bà mí kì í ṣe ti ọtí náà mọ́. Mùsíè ti kọ́ mi pé inú igi ni wisikí ti ń dàgbà, tó bá ti wọ inú igo, kò dàgbà mọ́, ó kàn ń dúró ni. Kápẹ́nì ni kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn. Ojú rẹ̀ ń ṣú. Mo gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà títí ó fi ń ti èmi fúnra mi lójú, pé mò ń fi igo ọtí kan bẹ Ọlọ́run.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù Kápẹ́nì dún. Èmi ni mo máa ń gbé e fún un nígbà náà.

"Ẹ káàsán o, ilé Kápẹ́nì nìyí."

"Ẹ káàsán, Mà. Ṣé Bàbá ṣì wà láàyè?"

"Wọ́n wà láàyè, ògo fún Ọlọ́run. Ta ni kí n sọ pé ó ń béèrè wọn?"

"Mautin ni."

Mo jókòó sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Kápẹ́nì, kò béèrè bí ọmọ rẹ̀ ṣe wà tàbí ìgbà tó máa dé. Ó gbé ojú tó ti ń ṣú náà sókè sí mi.

"Senami. Ó dúró?"

"Ó dúró, sà. Ó ti ń dúró láti ọjọ́ yìí."

Mautin dé ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọkùnrin tó ti hewú ni, ó wọ aṣọ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó dọ̀bálẹ̀, Kápẹ́nì na ọwọ́, ọwọ́ náà kò rí i, ó ń wá a kiri nínú afẹ́fẹ́ títí Mautin fi gbé orí rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n jókòó. Mautin ní, "Ọmọ tèmi náà kì í pè mí mọ́, Bàbá. Ìyẹn ló jẹ́ kí n rántí ọ̀nà ibí." Kápẹ́nì ní kí n gbé igo wá.

Mo já àbẹ́là Mùsíè. Kọ́ọ̀kì rẹ̀ fọ́ sí méjì, mo fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ. Ọtí náà kò dín sí ìlà mi ju ìwọ̀n ìka kan lọ. Mo da a sínú gíláàsì méjì. Kápẹ́nì gbé tirẹ̀ sókè.

Mautin ní, "Bàbá, ẹ má bínú. N kì í mutí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti fi sílẹ̀ nítorí Olúwa."

Ọwọ́ Kápẹ́nì dúró sí òkè níbẹ̀. N kò lè ṣàlàyé bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ó ti ń tọ́jú ẹ̀bùn kan láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, ẹni tó ń fi pamọ́ dè kò sì lè gbà á. Ó ń gbé gíláàsì náà sọ̀ kalẹ̀. N kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìdílé náà. Lọ́jọ́ yẹn mo dá sí i.

Mo ní, "Bọ̀dá Mautin, èmi náà kì í mu ún. Mo wà nídìí rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, n kò mu ún rí. Ẹ má gbé e mì. Ẹ kàn gbé imú sí i. Ẹ ya ẹnu díẹ̀. Ẹ má kánjú."

Ó wò mí. Ó gbé gíláàsì náà. Ó gbé imú sí i gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí. Ó mú un kúrò. Ó tún gbé e padà, ó sì dì í mú níbẹ̀ pẹ́, ó pa ojú dé.

Ó ní, "Àpótí."

Kápẹ́nì ní, "Kí lo wí?"

"Àpótí ọkọ̀ òkun yín àtijọ́, Bàbá. Èyí tí ẹ máa ń fi sílẹ̀ nínú yàrá. Òórùn rẹ̀ gan-an nìyí. Igi, awọ bàtà, tábà yín. Tí ẹ bá ti lọ, inú rẹ̀ ni mo máa ń sùn. Màmá á wá mi títí, inú àpótí ni wọ́n ti máa ń rí mi."

"Èmi kò mọ̀."

"Ẹ kò sí nílé."

"N kò sí nílé," ni Kápẹ́nì wí. Lẹ́yìn náà ni ó sunkún, Mautin náà sì sunkún fún ìyá rẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, èyí tí kò ṣe ní ọdún tí ìyá náà kú. Èmi wọlé lọ fọ gíláàsì tí kò dọ̀tí. Ilé tí n kò mọ̀ tí mo gbọ́ òórùn rẹ̀ níjọ́ tí a pààrọ̀ kọ́ọ̀kì, mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Kápẹ́nì mu tirẹ̀. Ti Mautin wà lórí tábìlì títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán, bó bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀, á tún gbé e sí imú. Ó ń wá léraléra lẹ́yìn náà, títí Ọlọ́run fi pe Kápẹ́nì ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, Mautin bi mí bóyá òun lè gbé igo náà lọ sí Ìlọrin, nítorí pé ọmọ òun ti ṣèlérí láti wá kí òun. Mo dé e dáadáa, mo fi àbẹ́là dí i. Ó wọ iwájú ọkọ̀, ó gbé e sórí itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó nà án dúró bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìdúró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọjá lójú mi ní títì.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù mi dún. Mautin ni, kò kí mi.

"Sìsítá Senami, ó dúró."

Èmi náà fẹ̀yìn tì ní ọdún náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó béèrè, ìdáhùn mi nìyẹn. Ìwọ tó ń ka èyí, kí Ọlọ́run fún ọ ní iṣẹ́ tí o kò ní tijú rẹ̀ nínú ilé Olúwa. Kí ó fún ọ ní ọ̀gá tó le, tó sì lè bọ́ bàtà rẹ̀ nígbà tó bá ṣàṣìṣe. Ẹni tí ò ń retí, kí ó bá ọ láàyè. Ohun tí wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́, kí ó má dùbúlẹ̀ títí ẹni tó ni ín yóò fi dé. Àmín.